Ẹ Sọ Tẹnu Yín Kí Ẹ Tó So Scanner

Ọmọ iṣẹ́ kan wà lọ́dọ̀ mi tí ọwọ́ rẹ̀ yá jù. Kí oníbàárà tó pa ẹ́ńjìnnì, ó ti wọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ti ki scanner, ẹ̀rọ tó ń ka àìsàn ọkọ̀, bọ ojú ihò rẹ̀, ó sì ti ń kígbe kóòdù tó rí níbẹ̀: "Ọ̀gá, P0301 ni o!" Lọ́jọ́ kan mo gba scanner ọ̀hún lọ́wọ́ rẹ̀, mo tì í mọ́nú àpótí irinṣẹ́, mo ju kọ́kọ́rọ́ sápò. Mo ní kó sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ tó wà níwájú wa fún mi. Ó wò mí, ó wo bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tún wò mí. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ̀rọ ò tíì sọ ọ́."

Kì í ṣe pé mo kórìíra scanner. Èmi ni mo fi owó ara mi rà á. Ohun tó dùn mí ni pé ọkọ̀ yẹn ti ń ké láti ẹnu géètì. Ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, èéfín rẹ̀ sì ń rùn bẹntiróòlù tí kò jóná. Etí àti imú ọmọ yìí ti gbọ́, ṣùgbọ́n kò béèrè lọ́wọ́ wọn.

Àtọjọ́ náà la ti ń ṣe é báyìí ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọ̀jọ́ọ̀, n'Ìbàdàn: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ so scanner mọ́ ọkọ̀ kankan àfi tó bá ti kọ ohun tí òun rò sílẹ̀. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe é, fún ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ wa, àti fún ẹ̀yin onímọ́tò tí ẹ fẹ́ mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ gba mẹkáníìkì yín gbọ́. Àwọn èèyàn ń bi mí léèrè bóyá ẹ̀rọ lè ní ojú inú bíi ti èèyàn láéláé. Ìwé onílà kan ni mo fi ń wá ìdáhùn rẹ̀, ó sì ti fi ojú mi gbolẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ohun tí ẹ nílò

Kò pọ̀. Scanner kan, èyí kékeré tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ náà tó. Ìwé onílà kan. Súkúrúdíráfà gígùn kan tí èèkù rẹ̀ jẹ́ igi tàbí rọ́bà líle. Fóònù tó lè gba ohùn sílẹ̀. Àti bírò kan, tí ẹ máa fi okùn so mọ́ ìwé náà. Mo ṣe é láìso rí, bírò mẹ́rin ni mo rà lóṣù kan.

Ihò tí scanner ń wọ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rìndínlógún ló ní, abẹ́ sítíárìn ló sì máa ń wà. Gbogbo ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ló ní in, nítorí òfin wọn ló sọ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èyí tó pọ̀ jù nínú tòkunbọ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa fi ní in. Bí wọ́n bá gbé Peugeot 504 àtijọ́ wá fún yín, ẹ gbàgbé scanner, etí nìkan lẹ ní.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ìfura jẹ́

Lọ́dún 1991 tí mo wọṣẹ́, 504 àti Volkswagen ìjàpá ló kún ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi. Ọ̀gá á jókòó sórí bẹ́ńṣì, á kọ ẹ̀yìn sójú títì, á máa jẹ ẹ̀bà. Ọkọ̀ kan á yà wọlé. Ọ̀gá ò ní yíjú padà. Á ní, "Pọ́íǹtì yẹn ti jẹ, ẹ mú sáńpépà." Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí. Àwa ọmọ iṣẹ́ rò pé ó lo nǹkan ni. Bí a bá bi í, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ìfura loògùn àgbà," kò sì ní ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó tó ọdún mẹ́wàá kó tó yé mi pé kò sí oògùn níbẹ̀. Ọ̀gá gbọ́, ó tú u, ó rí i. Ó tún gbọ́, ó tún tú u, ó tún rí i. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Ẹ wo awakọ̀ dánfó tó ti wà lórí ọkọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún: ó gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì ju ọ̀gá mi lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n kò tú u. Kò mọ ohun tó wà nídìí ariwo tó gbọ́ láàárọ̀ àná. Nítorí náà, ohun tó máa sọ fún yín ò ju "ó ń dún" lọ.

Ọ̀gá náà ló kọ́ mi ní ti súkúrúdíráfà. Ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan ara ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́, ẹ fi èèkù rẹ̀ ti eegun iwájú etí yín, ẹ pa ẹnu dé. Ariwo tó dàpọ̀ lójú ọ̀nà á pín sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ibí ni fáálìfù, ibí ni ọ́tánétọ̀, ibí ni pọ́ńpù omi. Ẹ jìnnà sí bẹ́líìtì àti fáànù, ẹ má wọ agbádá ṣe é. Ọmọ iṣẹ́ tuntun ò ní gbọ́ nǹkan kan yàtọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ má bínú sí i.

Ẹ má tètè búra pé ẹ̀rọ ò lè ṣe é

Fọkanáísà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọ̀ta ayò ni. Ní ìrọ̀lẹ́ tí iṣẹ́ bá ti dá, òun ló máa ń lù wá lábẹ́ igi máńgòrò. Ó búra fún mi lọ́jọ́ kan pé kọ̀ǹpútà lè ṣírò owó, kọ̀ǹpútà lè ya fọ́tò, ṣùgbọ́n ayò ọlọ́pọ́n, ọkàn ni wọ́n fi ń ta á. Ó ní òun kì í kà á. Bí òun bá ti wo ọpọ́n, ọwọ́ òun ti mọ ihò tó máa lọ. Mo gbà á gbọ́, torí pé òpè ni mí, mo máa ń kà á lórí ìka, mo sì máa ń jẹ ìyà.

Ṣùgbọ́n lọ́dún 2002, àwọn onímọ̀ méjì ní yunifásítì kan ní Amsterdam, John Romein àti Henri Bal, gbé eré kan tí wọ́n ń pè ní Awari síwájú kọ̀ǹpútà. Ìbátan ayò wa pátápátá ni: ihò méjìlá, ọmọ méjìdínláàádọ́ta. Kọ̀ǹpútà náà yẹ gbogbo bí ọmọ ayò ṣe lè tò sójú ọpọ́n wò, ó ju bílíọ̀nù 889 lọ, ó sì mọ ohun tó yẹ kéèyàn ta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdáhùn rẹ̀? Bí àwọn méjèèjì ò bá ṣàṣìṣe, ọ̀mì ni. Mo sọ fún fọkanáísà. Ó ní kí kọ̀ǹpútà náà wá sí Ọ̀jọ́ọ̀.

Ó jàre díẹ̀ o, torí pé ohun tí ẹ̀rọ yẹn ṣe kì í ṣe ìfura. Kíkà ni. Òpè bíi tèmi ni, àmọ́ tí ìka rẹ̀ pọ̀ ju ti gbogbo aráyé lọ. Èyí tó mú mi ronú ni ti Go, eré àwọn ará Ṣáínà, Jàpáàn àti Kòríà, tí ojú ibi tí wọ́n ń gbé òkúta sí jẹ́ 361. Ìyẹn ò ṣeé kà tán. Àwọn ọ̀ta rẹ̀ gan-an máa ń sọ pé ojú àwọn ló ń sọ fún àwọn. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, ní Seoul, ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ AlphaGo, tí ilé iṣẹ́ DeepMind ti Google ṣe, bá Lee Sedol, ọ̀kan lára àwọn tó mọ̀ ọ́n ta jù láyé, ta eré márùn-ún. Nínú eré kejì, ẹ̀rọ náà gbé òkúta kẹtàdínlógójì síbi kan tí àwọn tó ń ṣàlàyé eré náà rò pé àṣìṣe ni. Kò sí ọ̀ta tó máa ń gbé e síbẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé ibẹ̀ gan-an ló ti pa á. Mẹ́rin ni ẹ̀rọ náà jẹ, Lee Sedol jẹ ẹyọ kan. Ẹyọ kan yẹn, òkúta kejìdínlọ́gọ́rin rẹ̀ ló gbé e dé ibẹ̀, òkúta tí ẹ̀rọ náà kò retí, tí orí rẹ̀ sì dàrú lẹ́yìn rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe kọ́ ẹ̀rọ náà? Wọ́n kọ́kọ́ kó eré tí àwọn èèyàn ti ta jọ fún un, lẹ́yìn náà ó ń bá ara rẹ̀ ta. Ó ta, ó rí ẹni tó jẹ. Ó tún ta, ó tún rí ẹni tó jẹ. Ẹ̀yin náà ẹ ti gbọ́ irú ìtàn yìí rí: ọ̀gá mi ni, àmọ́ ẹ̀bà ni ò sí níbẹ̀.

Etí tí ẹ̀rọ ti ní lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ò mọ̀ pé ọkọ̀ tó wà lọ́wọ́ wọn ní etí. Wọ́n fi bóòtù de nǹkan kékeré kan mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, knock sensor ni wọ́n ń pè é. Ó ń gbọ́ bí irin ṣe ń gbọ̀n. Bí bẹntiróòlù bá ń gbiná nínú sìlíńdà lọ́nà tí kò yẹ, irú ohùn kan pàtó ló máa ń jáde; etí yẹn á gbọ́ ọ, á sọ fún brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, brain box á sì fa iná púlọ́ọ̀gì sẹ́yìn díẹ̀ kó tó di pé ẹ̀yin gbọ́ nǹkan kan. Ní ti ohùn kan yẹn, ó ti jù mí lọ, mi ò bá a du ú.

Èkejì ni sẹ́ńsọ̀ tó ń ka bí crankshaft, ọ̀pá irin tí àwọn sìlíńdà ń tì, ṣe ń yí. Bí sìlíńdà kan ò bá jóná, crankshaft á fà díẹ̀ ní àkókò tó yẹ kí ìyẹn tì í. Èèyàn ò lè fi ojú rí i. Brain box ka fífà yẹn, ó mọ sìlíńdà tó jẹ́, ó tan iná sójú dáṣíbọ́ọ̀dù. P0301 tí ọmọ iṣẹ́ mi ń kígbe rẹ̀ nìyẹn: sìlíńdà kìíní ń já.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i, "sìlíńdà kìíní ń já" kọ́ ni "ẹ ra kọ́ìlì." Ibi tí owó oníbàárà ti ń ṣègbé nìyí. Ẹ yọ kọ́ìlì tó ń fún púlọ́ọ̀gì sìlíńdà kìíní níná, ẹ gbé e lọ sí ìkejì, ẹ gbé ti ìkejì wá síbí. Ẹ pa kóòdù rẹ́, ẹ wà á. Bó bá di P0302, kọ́ìlì ló bàjẹ́. Bó bá ṣì jẹ́ P0301, ẹ ṣe púlọ́ọ̀gì bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà nozzle tó ń fọ́n bẹntiróòlù. Bí gbogbo rẹ̀ ò bá kúrò lójú kan, ẹ wọn compression, agbára tí sìlíńdà fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Kò ná yín ní kọ́bọ̀, ó sì máa ń kọ́ etí, torí pé ẹ ó gbọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń dún nígbà tí nǹkan ṣoṣo yí padà.

Bí a ṣe ń kọ ìwé náà

Ojú ewé kan fún ọkọ̀ kan. Kí ẹ tó so ohunkóhun, ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ ohun tí oníbàárà sọ ní ẹnu ara rẹ̀, ẹ kọ ohun tí ẹ gbọ́ àti ohun tí ẹ gbóòórùn. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ohun tí ẹ rò pé ó jẹ́, ohun ẹyọ kan ni o. "Ó lè jẹ́ pọ́ńpù, ó lè jẹ́ wáyà, ó lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀" kì í ṣe ìfura, ìsọkúsọ ni. Kí ẹ wá fi nọ́ńbà síbẹ̀, láti 1 dé 5, bó ṣe dá yín lójú tó. Ìgbà yìí lẹ tó lè so scanner, kí ẹ kọ ohun tó sọ. Ẹ fi ìlà ìsàlẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ibẹ̀ lẹ máa kọ ohun tó jẹ́ gan-an sí lẹ́yìn tí ẹ bá tú u tán, tí ọkọ̀ sì ti lọ lọ́sẹ̀ kan láìpadà wá.

Ẹ wo ọ̀kan nínú tèmi, bí mo ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́:

"Ọjọ́bọ̀. Ọkọ̀ eléérú, 1.8. Oníbàárà ní ó ń mu epo, bíréèkì sì le díẹ̀. Ó ń súfèé lórí slow. Mo tẹná, ìfé pa. Mo rò: rọ́bà tó ń lọ sí booster bíréèkì ti sán. 4. Scanner: P0171. Gan-an: rọ́bà booster, ó sán lábẹ́, níbi tí ojú ò tó."

Slow ni kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ láìtẹná; booster ló ń mú bíréèkì rọ̀ lẹ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí P0171 díẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni ẹ̀rọ àti etí ti máa ń pàdé. Brain box fẹ́ kí afẹ́fẹ́ bíi 14.7 bá bẹntiróòlù 1 jóná, lórí ìwọ̀n. P0171 túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù bẹntiróòlù lọ, brain box sì ti ń fi bẹntiróòlù kún un títí, kò tó. Kò sọ ìdí. Rọ́bà tó sán lè fà á, sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí lè fà á, pọ́ńpù bẹntiróòlù tó ti rẹ̀ lè fà á. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ á sáré lọ ra sẹ́ńsọ̀.

Ẹ wo ibi tí scanner kọ fuel trim sí, ìyẹn iye bẹntiróòlù, nínú ọgọ́rùn-ún, tí brain box ń fi kún tàbí tó ń yọ kúrò. Bí ó bá ti kọjá +10, ẹ fura. Ẹ kà á lórí slow, ẹ kọ ọ́. Ẹ wá tẹná títí ẹ́ńjìnnì á fi máa yí ní ìgbà 2500 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ mú un dúró níbẹ̀, ẹ tún kà á. Bí nọ́ńbà náà bá lọ sílẹ̀ nígbà tí ẹ tẹná, afẹ́fẹ́ ń jò wọlé níbì kan ni: ihò kékeré yẹn ṣe pàtàkì lórí slow, ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ púpọ̀ bá ti ń wọlé lẹ́nu ọ̀nà, kò ká nǹkan mọ́. Bí nọ́ńbà náà bá ń gòkè sí i, bẹntiróòlù ni ò tó, ẹ lọ wo pọ́ńpù àti fílítà, tàbí kí ẹ fọ sẹ́ńsọ̀ afẹ́fẹ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé ohun tí etí mi gbọ́, ìfé tó pa nígbà tí mo tẹná, ohun kan náà ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Ọ̀gá mi ò rí fuel trim rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń kà á.

Bí ẹ bá ń wá ibi tó ti ń jò, ẹ fi omi díẹ̀ wọ́n ara àwọn rọ́bà náà, kí ẹ yẹra fún wáyà àti kọ́ìlì. Ìfé á yí ohùn padà níbi tí omi bá ti dí ihò. Ẹ má fi bẹntiróòlù wọ́n ọn. Mo mọ ọwọ́ kan tó jóná báyẹn, ó ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìka méjì rẹ̀ ò ká mọ́.

Ọjọ́ tí mo kọ 5

Màmá tíṣà kan gbé ọkọ̀ wá, ó ń dún kò-kò-kò nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Màmá ní, "Ẹ̀yin Bàbá Ìdòwú, ẹ bá mi wò ó, ọkọ̀ yìí ni mo fi ń rówó jẹun." Mi ò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, bẹ́rìn con rod, apá irin tó so písítìnì mọ́ crankshaft, ti tán. 5. Scanner ò rí nǹkan kan sọ, kò sí kóòdù. Mo tún fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀rọ ò gbọ́ ohun tí adití gbọ́.

A sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. A tú sump, àwo ọ́ìlì ìsàlẹ̀. Bẹ́rìn ń dán bí owó tuntun. Nígbà tí a yọ gíà kúrò lára rẹ̀ la rí i: irin pẹlẹbẹ tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà, flex plate, ti sán yíká ojú àwọn bóòtù rẹ̀. Òun ló ń dún. Kò bá ti pọn dandan ká tú sump rárá. Mo san owó gáskẹ́ẹ̀tì àti ọ́ìlì látinú àpò mi, mi ò gba owó iṣẹ́ ọwọ́, màmá sì lo ọjọ́ mẹ́fà nínú wàhálà ọkọ̀ èrò.

Mo padà sínú ìwé, mo ṣí i sẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni mo tú ẹ́ńjìnnì kan tí bẹ́rìn con rod rẹ̀ tán lóòótọ́. Etí mi ṣì kún fún ìyẹn. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó rí ekòló á sá. Èmi àti ẹ̀rọ, àwa méjèèjì la ò mọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Àmọ́ ẹ̀rọ dákẹ́, èmi ni mo sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ èyí sí ẹ̀yìn ìwé yín: 5 ò gbọ́dọ̀ tú ẹ́ńjìnnì. Ohun tó yẹ kí n ṣe rọrùn. Ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì nozzle kan, ẹ gbọ́. Ẹ dá a padà, ẹ yọ ti èkejì, ẹ gbọ́. Bó bá jẹ́ bẹ́rìn con rod, ariwo á rọlẹ̀ nígbà tí ẹ bá pa sìlíńdà tirẹ̀, torí pé agbára tó ń gbá a ti kúrò. Bí ariwo ò bá yàtọ̀ lórí gbogbo wọn, ẹ má tíì tú nǹkan kan, ẹ lọ wo ẹ̀yìn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n o, mo ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ìdánilójú ni kò jẹ́ kí n ṣe é.

Ìbéèrè tí ẹ̀rọ ò dá bi ara rẹ̀

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní kí n tẹ̀lé òun lọ wo ọkọ̀ tí òun fẹ́ rà. Ẹni tó ń tà á ti dúró, ó ń rẹ́rìn-ín. Kò sí iná kankan lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo so scanner: kò sí kóòdù. Bó bá jẹ́ pé nọ́ńbà nìkan la ń kà, ó ti tán nìyẹn, kí wọ́n máa ka owó.

Ara fu mí. Wọ́n ti fọ ẹ́ńjìnnì náà mọ́ jù, ó ń dán bí ìkòkò ìyàwó tuntun, orí bátìrì sì ní ojú àpá sípánà tuntun. Mo padà sórí scanner, mo bi í ní ìbéèrè mìíràn. Lórí èyí tó pọ̀ jù, ibì kan wà tí wọ́n kọ I/M readiness sí. Ibẹ̀ ni brain box ti ń sọ àyẹ̀wò tó ti ṣe tán fún ara rẹ̀ àti èyí tí kò tíì ṣe. Bí ọkọ̀ bá ti ń rìn lójoojúmọ́, gbogbo rẹ̀ ló yẹ kó ti parí. Ti ọkọ̀ yìí, èyí tó pọ̀ jù ni kò tíì ṣe. Ó túmọ̀ sí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù rẹ́ ni, tàbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ bátìrì.

Mo ní kí a wà á dé Ọ̀yọ́. Ẹni tó ń tà á ò fẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní òun ò ní rà á nígbà náà. A lọ. A jẹun ní Ọ̀yọ́, ó jẹ àmàlà, èmi náà jẹ àmàlà, a jẹ́ kí ọkọ̀ tutù. A sítáàtì, a ń bọ̀. Kí a tó dé Fìdítì, iná check engine yọ.

Ta ló fura, èmi tàbí ẹ̀rọ? Ẹ̀rọ ló ní ẹ̀rí náà lọ́wọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í. Ẹ́ńjìnnì tó mọ́ jù, ẹ̀rín tó pọ̀ jù, ìyẹn ni kò sí nínú ihò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ọkọ̀, ẹ di I/M readiness mú. Kí ẹ sì fojú wo ẹni tó ń tà á.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ ní etí yín

Èyí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un, ọmọ iṣẹ́ ọlọ́wọ́ yíyá yẹn ló dá a lábàá. Láàárọ̀, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, ẹ gbé fóònù sórí bátìrì, ẹ gba ohùn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá sílẹ̀. Ẹ tún gbà á nígbà tó bá gbóná. Ibì kan náà ni kí fóònù máa wà nígbà gbogbo. Ẹ fi nọ́ńbà ojú ewé ìwé yín sọ ohùn náà lórúkọ. Lẹ́yìn tí ẹ bá tú u, ẹ lọ kọ ohun tó jẹ́ gan-an síbẹ̀.

Ohùn tí kò ní ìdáhùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò wúlò fún ẹ̀rọ, gẹ́gẹ́ bí kò ṣe wúlò fún awakọ̀ dánfó. Àwọn tó ń kọ́ ẹ̀rọ láti gbọ́ ẹ́ńjìnnì wà káàkiri ayé báyìí, ohùn pẹ̀lú ìdáhùn ni wọ́n sì ń wá. Àmọ́ ohùn tí wọ́n bá gbà nínú ṣọ́ọ̀bù tó dákẹ́ rọ́rọ́ ní Jámánì ò mọ jẹnẹrétọ̀ tó ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, kò mọ ọkọ̀ tí wọ́n ti gé catalyst rẹ̀, tó ń fọ èéfín mọ́, tà, kò mọ bẹntiróòlù tí wọ́n ti lú. Bí wọ́n bá gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wá fún yín, ẹ fi ìwé dán an wò bí ẹ ṣe ń dán ọmọ iṣẹ́ wò: kó sọ tẹnu rẹ̀, ẹ kọ ọ́, ẹ tú u, ẹ wò ó.

Ní ti ohùn, mo rò pé ẹ̀rọ á kọjá mi bó bá rí ìdáhùn tó pọ̀ tó. Inú ò ní bí mi, etí mi ọ̀tún ti ń wúwo. Ní ti ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, mi ò tíì rí i kó fura. Mi ò búra ṣá o. Fọkanáísà ti búra lórí ayò.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, ọkọ̀ pupa kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gbẹ́ni tó ni ín ní bó bá ti dúró nínú sún-kẹrẹ ní Mọ́kọ́lá, tí oòrùn mú, ó máa ń kú, bó bá tutù tán á tún jí. Mo ti kọ tèmi: sẹ́ńsọ̀ crankshaft, ooru ló ń mú un. 3. Ọmọ iṣẹ́ mi kọ tirẹ̀: pọ́ńpù bẹntiróòlù, 2. Ó fi ọwọ́ bò ó kí n má rí i. Scanner ṣì wà nínú àpótí, àmọ́ láti oṣù tó kọjá, ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ náà ni kọ́kọ́rọ́ wà.